Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́, Ẹ̀kọ́ Ẹ̀tọ́: Ta Ni Ó Jẹ Ọmọdé Ní Gbèsè?

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n máa ń ní kí ọmọ nà gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ọmọ ti tó ilé ìwé lọ nìyẹn. Bí kò bá kàn án, kó padà sílé lọ máa jẹun. Òbí mélòó ló ní ìwé ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ nígbà náà? Ọdún tí eṣú jẹ oko ni wọ́n bí ẹnì kan, ọdún tí ọba ìlú wàjà ni wọ́n bí ẹlòmíràn. Apá ọmọ nìkan ni tíṣà lè gbà gbọ́. Àwọn tí wọ́n fi apá wọ ilé ìwé báyìí ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ti di arúgbó lónìí. Ẹ bá wọn jókòó, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Awólọ́wọ̀ ló rán mi níwèé."

Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn, ó sì máa ń kọ mí lóminú. Ọpẹ́ ni, ọpẹ́ sì yẹ ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ọ̀fẹ́ ló ń dúpẹ́. Ẹni tí wọ́n san owó rẹ̀ padà fún kì í dọ̀bálẹ̀ fún ajigbèsè. Ńṣe ni yóò ka owó náà wò bóyá ó pé. Láti 1955 títí di òní, "ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́" ni gbogbo wa ń pe ọ̀rọ̀ yìí, lórí rédíò, níbi ìpolongo ìbò, lẹ́nu àwọn olóṣèlú tó ń wá ipò. Orúkọ náà ti jẹ́ ká máa rò pé ìjọba ló ni ín, àti pé àánú wa ló ṣe wọ́n. Ẹ̀tọ́ yàtọ̀ sí èyí. Ọwọ́ ẹni tó ń fúnni ni ọ̀fẹ́ wà, ó lè fúnni lónìí kó gbà á lọ́la. Ibi tí ẹ̀tọ́ ẹnì kan bá wà, gbèsè ti wà lọ́rùn ẹlòmíràn nìyẹn. Nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé, ta ni ajigbèsè, ta sì ni yóò bá ọmọdé béèrè?

Àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ gbèsè dáadáa. Bí bàbá bá yá owó tí kò rí i san, ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, kí ọmọ máa ro oko olówó títí bàbá yóò fi rí owó náà dá padà. Iṣẹ́ ọmọ ni èlé. Bí ajigbèsè bá sì ya alágídí, olówó a rán ológò sí i, ẹni tí yóò lọ dógò tì í: yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa pa adìẹ rẹ̀ jẹ, kò ní dìde títí owó yóò fi jáde. Òfin ayé ìsinsìnyí ti yí ìjókòó yẹn padà. Ọmọ ló di olówó, àwọn àgbà ló di ajigbèsè. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà kò mọ ọ̀nà kóòtù, kò ní káàdì ìdìbò, kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń rí ológò.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ọdún 1948 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ gbèsè yìí sílẹ̀. Abala 26 nínú Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́, pé ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, kó sì jẹ́ dandan. Ó fi ohun kan kún un tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà dé, pé òbí ló kọ́kọ́ láṣẹ láti yan irú ẹ̀kọ́ tí ọmọ wọn yóò gbà. Ìkéde ni, kò fi ọwọ́ òfin mú ẹnikẹ́ni. Àwọn àdéhùn tó múni ló tẹ̀ lé e: ti 1966 lórí ọrọ̀ ajé, àwùjọ àti àṣà, èyí tí Nàìjíríà wọ̀ ní 1993, àti ti ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 1989, èyí tí Nàìjíríà gbà ní 1991. Àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Áfíríkà tó jáde ní 1981 kò sọ púpọ̀. Gbólóhùn kúkúrú kan péré lórí ẹ̀kọ́ ló wà ní abala 17 rẹ̀, pé olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà sọ ìwé yẹn di òfin abẹ́lé ní 1983, gbólóhùn kúkúrú náà sì wá ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rò nígbà náà, bí a ó ti rí i níwájú.

Katarina Tomaševski, tó jẹ́ aṣojú àkànṣe Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láti 1998 sí 2004, fún wa ní òṣùwọ̀n tí mo rò pé ó dára jù lọ. Ó ní kí ilé ìwé wà; kí ọwọ́ ọmọ lè tó o; kí ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ṣeé gbà; kí ilé ìwé fúnra rẹ̀ sì lè tẹ ara rẹ̀ bá ọmọ mu, dípò kí wọ́n máa tẹ ọmọ títí yóò fi bá ilé ìwé mu. Ọ̀kan àkọ́kọ́ ni ìjọba fẹ́ràn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí òun ni a lè gé téèpù fún, tí a sì lè fi àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tán. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tó ti San Antonio wá ní 1973, ó ní ẹ̀kọ́ kò sí lára ẹ̀tọ́ tí òfin ìpìlẹ̀ àpapọ̀ ilẹ̀ náà dáàbò bò. Òun náà ni orílẹ̀-èdè tí kò tíì wọ àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 1989.

A máa ń sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe náà dùn, mo sì ti gbọ́ ọ níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó pọ̀ ju iye tí mo lè kà lọ. Ẹ tún un gbọ́. Òbí ló ń bá sọ̀rọ̀, ilé òbí ló sì ń rò. Ìdí tó fi yẹ ká kọ́ ọmọ ni pé kó má baà ba dúkìá wa jẹ́. Kò sọ ohun tó tọ́ sí ọmọ, kò sì dárúkọ ìjọba rárá. Mi ò dá òwe lẹ́bi. Kò sí ìjọba tó ń kọ́ ilé ìwé nígbà tí wọ́n pa á. Àmọ́ bí a bá fi òun nìkan wo ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò ní ilé kankan láti tà kò sí nínú ìṣirò wa.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1955, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn ti lọ́ràá jù. Oṣù keje 1952 ni S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá náà wá sí ilé ìgbìmọ̀. Owó ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Owó kòkó tí bọ́ọ̀dù tó ń ta kòkó ti kó jọ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tó, ni ìjọba bá bu owó lé àwọn ènìyàn lórí: ṣílè mẹ́wàá àti sísì fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ìlú gbóná. Àgbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń bá a ṣa kòkó rí i pé ìjọba fẹ́ gba owó lọ́wọ́ òun, kó sì tún gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Nínú ìbò àpapọ̀ ti 1954, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC na Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, mọ́ ilé ara rẹ̀. Àwọn òbí tí à ń fi orúkọ wọn dúpẹ́ lónìí lè wà lára àwọn tó dìbò ta ko ètò náà. Ìgbà tí ọmọ dé sílé tó ń ka lẹ́tà fún wọn ni ojú wọn tó là. Awólọ́wọ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kò padà sẹ́yìn. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní 1955 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954 jẹ́ 456,600. Ní 1955 wọ́n di 811,432. Iye tó wọlé lọ́dún kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí gbogbo iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì àti ìjọba ti kó jọ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Níbo ni olùkọ́ fún wọn yóò ti wá? Àwọn tó jáde ilé ìwé lánàá ni wọ́n fi kọ́ ọmọ lónìí. Àwọn alárìíwísí ní ẹ̀kọ́ ti di yẹpẹrẹ, wọ́n ń fi àwọn ọmọ ọ̀fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ilé ìwé mọ́dà ọlọ́dún mẹ́ta sì di ibi tí wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ àwọn tí kò rí ọ̀nà wọ girama sí. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ fi wé Ìlà-Oòrùn, tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1957. Kò ju ọdún kan lọ tí owó fi tán, tí wọ́n dá owó ilé ìwé padà ní 1958, tí àwọn obìnrin sì tú jáde láti fẹ̀hónú hàn. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó fi í lélẹ̀ náà ló gbà á padà. Kò sí òfin kan tí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn lè nà síta pé gbèsè ni.

Èyí tó tẹ̀ lé e kò ṣòro láti rántí. Ọbásanjọ́ gẹ́gẹ́ bí olórí ológun kéde ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní oṣù kẹsàn-án 1976. Ní 1979 àwọn gómìnà ẹgbẹ́ òṣèlú UPN sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní gbogbo ìpele: Jakande ní Èkó, Bọ́lá Ìgè ní Ọ̀yọ́, Ọnàbánjọ ní Ògùn, Ajáṣin ní Oǹdó, Ambrose Alli ní Bendel. Ní Èkó, ọmọ tó ń lọ ní àárọ̀ àti èyí tó ń lọ ní ọ̀sán ń pín yàrá kan lò, Jakande sì fòpin sí i pẹ̀lú àwọn ilé gbọọrọ tí àwọn ẹlẹ́gàn pè ní ilé adìẹ. Ẹni tó bá kàwé jáde nínú ilé adìẹ yẹn ni kí ẹ bi léèrè, ẹ má bi ẹni tó ń wò ó láti inú ọkọ̀. Ológun padà dé ní òpin 1983, owó ilé ìwé sì padà sí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀.

Níbo ni òfin wà ní gbogbo àkókò yìí? Ó wà, ṣùgbọ́n ẹ ka bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Abala 18 òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà sọ pé ìjọba yóò pèsè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ àti ní dandan, bí ó bá ṣeé ṣe àti nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Ìlérí tí ajigbèsè ń ṣe nìyẹn: "Bí nǹkan bá ṣẹnuure, ẹ ó gbọ́ láti ọ̀dọ̀ mi." Orí kejì ìwé òfin náà ni abala yìí wà, láàárín àwọn ohun tí wọ́n pè ní àfojúsùn ìjọba, abala 6 sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pé kóòtù kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ lórí orí kejì. Orí kẹrin ni ẹ̀tọ́ tí a lè torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́ wà. Ẹ̀mí wà níbẹ̀, òmìnira wà níbẹ̀, ilẹ̀ àti ilé wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ kò sí níbẹ̀.

Ẹjọ́ tó fi ìdí ògiri yìí múlẹ̀ ní ìtàn tó panilẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní oṣù kẹta 1980, ìjọba Jakande fi ìwé ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fòpin sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni ní Èkó, kí gbogbo ọmọ lè wà lábẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan náà. Anthony Olúbùnmi Okogie, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Kátólíìkì, gbé wọn lọ sí kóòtù. Ní 1981, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a pé àfojúsùn orí kejì kò lè tẹ ẹ̀tọ́ orí kẹrin mọ́lẹ̀. Olóhun ilé ìwé ló borí. Ó dára fún wọn, mo sì rò pé ìdájọ́ náà tọ́, nítorí òbí ní àṣẹ láti yàn. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù nílẹ̀: ẹni tó ni ilé ìwé ní ẹ̀tọ́ tí kóòtù lè gbà fún un, ọmọ tó yẹ kó jókòó nínú rẹ̀ kò ní.

Íńdíà ni wọ́n ti wo àwòrán orí kejì yìí kí wọ́n tó kọ tiwa, ó sì tọ́ ká béèrè ohun tí àwọn oní-nǹkan fi tiwọn ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀kọ́ jẹ́ àfojúsùn lásán níbẹ̀ náà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn ní 1992 àti 1993, ó ní kò sí bí ènìyàn ṣe lè ní ẹ̀tọ́ sí ìyè tí kò ní ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́. Ní 2002 wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe, ẹ̀kọ́ fún ọmọ ọdún 6 sí 14 di ẹ̀tọ́ pọ́ńbélé. Òfin tó gbé e ró bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin 2010, ó sì wọ inú ilé ìwé aládàáni lọ: ìdá mẹ́rin àyè tó wà ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀, ìdá kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọ tálákà, kí ìjọba dá owó rẹ̀ padà. Ní Gúúsù Áfíríkà, kóòtù òfin ìpìlẹ̀ sọ ọ́ gbangba ní 2011 pé ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ kò dà bí ilé tàbí ìwòsàn tí ìjọba lè máa ṣe ní díẹ̀díẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni gbèsè rẹ̀ pé. Ọmọ ibẹ̀ ṣì ń jókòó nínú kíláàsì tí kò dára, n kò ní kí ẹ kó lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba wọn kò lè dìde ní kóòtù kó ní àfojúsùn ni.

Ní Nàìjíríà, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n gbà wọlé. Ọbásanjọ́, tó ti padà dé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, kéde ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án ní Sókótó ní oṣù kẹsàn-án 1999. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé dé ní 2003. Ó tilẹ̀ sọ pé ọmọbìnrin tó bá lóyún gbọ́dọ̀ rí àyè padà sí ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tó bá bí, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé kò tíì gbọ́. Òfin UBE, tó gbé ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ náà ró, dé ní 2004: láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kìíní títí dé ọdún kẹta girama, ọ̀fẹ́ ni, dandan sì ni. Òbí tí kò bá fi ọmọ sílé ìwé, ìkìlọ̀ ni fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Ẹni tó bá gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ òbí náà ní ìjìyà tirẹ̀. Èwo nínú méjèèjì lẹ ti gbọ́ pé wọ́n torí rẹ̀ fa ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù ládùúgbò yín?

Owó tó wà fún iṣẹ́ yìí ni ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba ìpín tirẹ̀ fún kíkọ́ ilé àti ríra àga gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iye kan náà sílẹ̀ láti àpò ara rẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú ètò yẹn, kí gómìnà lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan òun. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni pé léraléra ni à ń gbọ́ pé bílíọ̀nù báyìí-báyìí wà nílẹ̀ tí ìpínlẹ̀ kan kò wá gbà, nítorí kò fẹ́ mú tirẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí ìpínlẹ̀ bá sì gbà á, ìtàn mìíràn lè bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn mìíràn yẹn ló gbé SERAP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ìṣípayá nínú ìnáwó ìjọba, lọ sí kóòtù ECOWAS ní Àbújá. Wọ́n ní àwọn kan ti jẹ owó UBE ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, pé ọmọ ló ń jìyà rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fèsì pé ẹ̀kọ́ wà ní orí kejì, kóòtù kò lè gbọ́ ọ. Kóòtù náà ní òun kò bá orí kejì yín ṣe. Ìwé ilẹ̀ Áfíríkà tí ẹ buwọ́ lù lòun ń kà, gbólóhùn kúkúrú abala 17 sì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kọkànlá 2010, ó dájọ́ pé bí ìjọba bá ń lé olè lọ, kó máa lé e, ṣùgbọ́n kó fi owó mìíràn dí àlàfo tí olè dá sílẹ̀ nísinsìnyí, kí ọmọ má baà pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ìdájọ́ tí mo mẹ́nu bà níhìn-ín, òun ló wù mí jù. Bí wọ́n bá ja ajigbèsè lólè lọ́nà, ṣé olówó ni yóò ru ẹrù rẹ̀ ni? Ológò ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Ní oṣù kẹta 2017, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò LEDAP pè, Adájọ́ John Tsoho ti ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ wá sọ ọ́ nílé: nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ṣe òfin UBE, àfojúsùn ti di gbèsè, ọmọ Nàìjíríà sì lè torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́.

Àwọn aládùúgbò wa tó ń sọ èdè Yorùbá ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ òfin ìpìlẹ̀ Benin ti 1990, tó sọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di dandan, tó sì ní kí ìjọba sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní díẹ̀díẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n mú owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò níbẹ̀, Togo ṣe tirẹ̀ ní 2008. Síbẹ̀, ọmọ tó ti ibẹ̀ wá ń fọ abọ́ ní ilé oníléé l'Ékòó, ẹni tó gbà á sì lè máa ro ara rẹ̀ ní olóore.

Kí ni ọ̀fẹ́ yìí jọ tí ènìyàn bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀? Mo bá àbúrò mi obìnrin kan lọ fi ọmọ rẹ̀ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Obìnrin tó gba ìwé wa kí wa tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó ní, "Ọ̀fẹ́ ni o, màmá, a kì í gba kọ́bọ̀." Ó wá ṣí ìwé àjákọ kan. Owó PTA wà níbẹ̀, owó lẹ́sìn wà níbẹ̀, owó ìdánwò àti owó ọlọ́dẹ náà. Yúnífọ́ọ̀mù, ọ̀dọ̀ wọn la ó ti rà á. Ìgbálẹ̀ méjì. Lákòótán, kí ọmọ mú àga wá tàbí kí a san owó àga. Àbúrò mi ṣírò rẹ̀ lórí fóònù, ó dákẹ́, ó sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, aládàáni tó wà lójú títì wa kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n jù báyìí lọ." Kò purọ́. N kò lè bínú sí obìnrin yẹn náà; bí ìjọba kò bá fún un ní ṣọ́ọ̀kì, ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni yóò fi kọ̀wé ni?

Ìdí nìyẹn tí ìṣirò Èkó fi rí bó ṣe rí. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ka ilé ìwé aládàáni ní 2010 sí 2011, ó lé ní 12,000. Àwọn olówó kọ́ ló ni gbogbo wọn. James Tooley, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ìwádìí ní Mákòókò, rí i pé àwọn òbí tó ń ta ẹja ń san owó kékeré fún ilé ìwé onípákó nítosí ilé wọn. Ó kà á sí ẹ̀rí pé tálákà lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi kà á sí ẹ̀rí pé ó ti sú ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, tó fi ń san án fún ara rẹ̀. Ní Mákòókò kan náà, ilé ìwé tó léfòó lórí omi, tí ayàwòrán ilé Kúnlé Adéyẹmí gbé kalẹ̀, gba òkìkí káàkiri ayé kí òjò tó wó o ní oṣù kẹfà 2016. Kò sí ọmọ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, a dúpẹ́.

Mélòó ni wọ́n kò sí nílé ìwé rárá? Fún ọdún púpọ̀, mílíọ̀nù 10.5 ni gbogbo ènìyàn ń kà lórí Nàìjíríà. Ní 2022 UNESCO ní ó tó mílíọ̀nù 20. Ní 2024 UNICEF ní mílíọ̀nù 10.2 ni ọmọ tó yẹ kó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mílíọ̀nù 8.1 sì ni èyí tó yẹ kó wà ní ìpele tó tẹ̀ lé e. Ìyàtọ̀ àárín òǹkà kan sí èkejì ju iye ènìyàn inú orílẹ̀-èdè mìíràn lọ. Ajigbèsè tí kò mọ iye tó jẹ kò tíì múra àtisan. Àríwá ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà, ṣùgbọ́n kí Yorùbá má nàka. Ẹ dúró sí Ọ̀jọ̀ọ́ tàbí Oṣòdì ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ ìṣẹ́gun, ẹ ka iye ọmọ tó gbé omi inú ọ̀rá lórí.

Níní ilé ìwé lásán kò tán ọ̀rọ̀ bí ọmọ kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Láti 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ lábẹ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbà tó ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìjọba àpapọ̀ tó ṣe ìlànà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní 2022. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé àwọn ti fagi lé e. Ọ̀rọ̀ híjáàbù ní ilé ìwé ìjọba Èkó náà gba ọ̀pọ̀ ọdún ní kóòtù kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó gbà á láyè ní oṣù kẹfà 2022. Ẹni tó bá mọ ìdí tí wọ́n fi dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ l'Ékòó ní 1923, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìfi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀, kò ní sọ pé aṣọ orí lásán ni.

Ẹ̀rù sì wà. Chibok, oṣù kẹrin 2014, ọmọbìnrin 276 tí wọ́n jí gbé nílé ìwé. Nígbà náà, a ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ibi jíjìnnà. Ní oṣù kìíní 2024, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé àti olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì ní Emùré-Èkìtì, wọ́n sì lo ọjọ́ mélòó kan nínú igbó kí wọ́n tó rí wọn gbà padà.

Òfin ìpìlẹ̀ 1979 ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé "nígbà tí ó bá ṣeé ṣe". Ti 1999 dà á kọ bó ṣe wà. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1979, ọjọ́ tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé ọdún 46 ní 2025. Ó ṣeé ṣe kó ti lọ́mọ tirẹ̀, kí ọmọ náà sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé kan láàárọ̀ ọjọ́ ajé, ìgbálẹ̀ méjì lábẹ́ apá, tí wọ́n ń bi í léèrè owó àga.